Ìjánu Tí Ó Há: Ọ̀rọ̀ Lórí Kálípà Ọkọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Igbó)

Nígbàtí Akọ̀wé wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé oṣù yìí, mo mọ̀ pé ìtàn bí àwọn baba wa ṣe tẹ ìlú wọ̀nyí dó ni ó ń retí, tàbí ọ̀rọ̀ lórí oríkì, nítorípé irú èyí ni a máa ń gbọ́ níhìn-ín, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n mú ohun mìíràn wá. Ohun náà ni ẹ rí lórí tábìlì yìí, tí mo tẹ́ ìwé-ìròyìn àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má baà ba aṣọ tábìlì Ẹgbẹ́ jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni kálípà. Láti ara ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ èmi tìkára mi ni mo ti tú u.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe bá mi. Ní oṣù Kejì, ọdún mẹ́ta sẹ́hìn, mo ń wa ọkọ̀ mi bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí n tó dé Òru ni mo ti rí i pé ọkọ̀ náà ń fà sí apá òsì bí ewúrẹ́ tí a so lókùn. Nígbàtí ó sì pẹ́ díẹ̀, òórùn ohun tí ń jóná gba inú ọkọ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì rí èéfín tí ń rú ní ẹsẹ̀ iwájú, lápá òsì. Ọwọ́ kò ṣeé gbé súnmọ́ ibẹ̀. Mẹkáníìkì kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀. Ó fi òòlù lu kálípà náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nígbàtí kò gbọ́, ó tú họ́ọ̀sì tí ń gbé ọ́ìlì bíréèkì wọ inú rẹ̀, ó ki bóòtù kan bọ ẹnu ibẹ̀, ó dè é pinpin, ó sì wí fún mi pé, “Bàbá, ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí ó kù yóò mú un dúró.” Mo sanwó fún un, mo tilẹ̀ dúpẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní àkókò tí àwọn ọmọdé ń lọ sí ilé-ìwé, ọmọ kan sáré jáde sí ojú títì. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà kò dúró ní ọ̀kánkán. Ó yí bìrí sí apá ọ̀tún, ó kọlu tábìlì obìnrin kan tí ń ta búrẹ́dì, ó sì fi ẹsẹ̀ kan bọ inú kòtò. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tí ó farapa. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn dìde, ó wò mí, ó wo búrẹ́dì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì tún wò mí. Mo san owó búrẹ́dì náà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́hìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Kò sí ẹni tí ó yà lẹ́nu nínú wọn. Ẹlòmíràn sọ fún mi pé ó ti fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó èrò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Dídí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa dídí ihò eku. Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí: láti sọ pé kálípà tí ó há ṣeé tú, ó ṣeé tún ṣe, àti pé kò sí ìdí tí a ó fi máa fọ́ ojú ẹsẹ̀ kan lára ọkọ̀ tí ó gbé ọmọ ènìyàn.

Àwọn àgbà ti fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a ń pè ní bíréèkì. Ìjánu ni. Gbogbo wa tí a máa ń lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá ni ó ti rí bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń fi ìjánu kó ẹṣin níjàánu níwájú Awùjalẹ̀. Ẹṣin tí okùn ìjánu rẹ̀ bá já ní apá òsì, bí a bá fa èyí tí ó kù, ọ̀tún ni yóò yí orí sí, bí ẹni tí ó gùn ún tilẹ̀ jẹ́ akọni. Ohun tí ọkọ̀ mi ṣe gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mú, ti òsì kò mú, ọkọ̀ sì yí lọ sí ibi tí agbára wà.

Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa kò ní irú ìjánu yìí. Ọ̀pá irin àti wáyà ni awakọ̀ fi ń fà á nígbà náà, ọkọ̀ Ford kò sì fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ títí di ti ọdún 1939. Ṣùgbọ́n Malcolm Loughead, ará Amẹ́ríkà, ti fi hàn ṣáájú pé ohun olómi lè gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ Duesenberg ti ọdún 1921 ni a sì kọ́kọ́ tà pẹ̀lú irú ìjánu bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ ju ọkọ̀ lọ. Blaise Pascal, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí ó kú ní ọdún 1662, ni ó là á yé ayé pé bí a bá tẹ ohun olómi tí a sé mọ́ ibì kan, títẹ̀ náà yóò dé gbogbo ibi tí olómi náà wà láìdínkù. Nítorínáà, bí ojú ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́ bá fẹ̀ tó ìwọ̀n 4, tí ojú ibi tí ó ti ń tì bá sì fẹ̀ tó ìwọ̀n 20, agbára tí ó jáde yóò jẹ́ ìlọ́po 5 èyí tí ó wọlé. Ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ń dá ọkọ̀ ńlá dúró bẹ́ẹ̀.

Ìlù ni ìjánu àwọn bọ́lẹ́kájà tí ó kó kòkó, obì àti pákó jáde láti agbègbè wa yìí; inú agogo irin tí ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni páàdì wọn ti ń ṣí jáde láti fi ara há irin náà. Èyí tí ó ní kálípà yàtọ̀. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Lanchester, ti gba ìwé-àṣẹ lórí irú rẹ̀ láti ọdún 1902, ṣùgbọ́n ayé kò kà á sí púpọ̀ títí ọkọ̀ Jaguar fi gba ipò kìíní pẹ̀lú rẹ̀ nínú eré-ìje Le Mans ní ọdún 1953. Lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ọkọ̀ kékeré tí kò ní i níwájú.

Ẹni tí ó bá ti dé ilé àgbẹ̀dẹ rí ti mọ kálípà. Ẹ̀mú ni. Àwo irin kan ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kálípà gun àwo náà bí ẹ̀mú ti í gun irin gbígbóná, ó sì ní páàdì kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nínú kálípà ni ihò róbótó kan wà bí odó. Nínú odó náà ni písítìn wà bí ọmọ odó. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì yóò ti písítìn, písítìn yóò ti páàdì, páàdì yóò sì fún àwo irin mọ́ra.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorípé òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń fi òòlù lu kálípà kò mọ̀. Nígbàtí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kínni ń fa písítìn padà? Kò sí sípíríìngì níbẹ̀. Òrùka róbà kan ni, onígun mẹ́rin, tí ó jókòó nínú ojú ọ̀nà tí a gbẹ́ yí odó náà ká, tí ó sì di písítìn mú ṣinṣin. Bí písítìn bá ń jáde, òrùka náà kò yọ̀. Ó ń tẹ̀ ni, bí ẹni tí a fà ní aṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Bí títẹ̀ náà bá dópin, róbà á padà sí bí ó ti wà, á sì fa písítìn padà pẹ̀lú ara rẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò tó ìdajì mìlímítà. Díẹ̀ yìí ni ó ń tú àwo irin sílẹ̀. Òrùka kan náà ni ó ń sé ọ́ìlì mọ́ inú, òun kan náà ni ó ń fa písítìn padà. Mo ti di arúgbó nídìí ohun èlò irin, èmi kò sì tíì rí ohun kékeré mìíràn tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì ní ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá rí i nísisìyí pé bí ara písítìn bá dógùn-ún, tàbí bí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, róbà yìí kò lágbára tó láti fà á. Páàdì yóò máa ha àwo náà bí ọkọ̀ ti ń lọ. Èyí ni èéfín tí mo rí. Ewu tí ó tún wà nínú rẹ̀ ni pé ooru náà ń wọ inú ọ́ìlì bíréèkì, bí ọ́ìlì náà bá sì hó, ooru inú rẹ̀ di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀: awakọ̀ yóò tẹ bíréèkì, yóò wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Ọ̀nà tí písítìn fi ń dógùn-ún kò pọ̀. Róbà fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹnu odó tí ó ń ṣọ́ eruku. Bí ó bá ya, omi àti iyanrìn á wọlé. Ẹ̀yin ará wa láti Àbígi, Ìbíadé àti Ìwópin, ní ẹ̀bá ọ̀sà, ẹ mọ èyí jù wá lọ, nítorípé ní àkókò òjò, ọkọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọkọ̀ ojú omi, ẹ sì máa ń gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú omi náà lára rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọkọ̀ tí kò rìn ni ó tètè há jù. Tòkunbọ̀ pẹ̀lú ní ti rẹ̀: ní Yúróòpù àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, ọkọ̀ tí ó ti rìn nínú iyọ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá sì ti gbé ìdógùn-ún rẹ̀ wá láti òkè òkun kí a tó fún un ní nọ́ńbà níhìn-ín. Ọ̀nà kẹta ni ọ́ìlì bíréèkì tí ó ti gbó, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Kí a tó tú kálípà, ó yẹ kí a mọ̀ dájú pé òun ni ó jẹ̀bi. Mo ti rí ibi tí a ti pààrọ̀ kálípà méjì tí àrùn náà kò lọ. Ẹ fi òkúta ti àwọn ẹsẹ̀ tí ó kù, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì gbé e lé ẹsẹ̀ irin tí ó dúró ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé jáàkì nìkan ni ó gbé e. Ẹ yọ táyà. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí àwo irin. Bí kò bá yí, ẹ tú ẹnu kékeré tí ó wà lára kálípà tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí ọ́ìlì bá tú jáde pẹ̀lú agbára tí àwo sì yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fi kálípà sílẹ̀. Họ́ọ̀sì ni inú rẹ̀ ti wú, tí ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé tí kò jẹ́ kí ó padà, tàbí kí àléébù wà lókè níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwo kò bá yí síbẹ̀, ẹ wo píìnì méjì tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn. Nígbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé gíríìsì wọn ni ó gbẹ. Bí píìnì bá ń yọ̀ dáradára, tí písítìn kò sì gbà kí a tì í padà, nígbà náà ni a tó lè sọ pé písítìn há.

Báwo ni a ó ṣe yọ ọ́? Ẹni tí ó bá fi òòlù lù ú ń lu àpótí, owó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀mú oníke fún ara rẹ̀ ń ha ojú dídán tí róbà gbọ́dọ̀ di mú, láti ọjọ́ náà lọ ni yóò máa jò. Agbára tí ó dára jù láti yọ písítìn ni èyí tí a dá a láti gbà: ti ọ́ìlì bíréèkì fúnra rẹ̀. Ẹ tú kálípà kúrò lórí àwo, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tú họ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ fi wáyà so kálípà rọ̀ kí ẹrù rẹ̀ má baà wà lọ́rùn họ́ọ̀sì. Ẹ yọ páàdì. Eruku tí ó wà níbẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ. Omi ni kí ẹ fi rọ̀ ọ́, nítorípé páàdì àtijọ́ a máa ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, tí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́hìn náà ẹ fi pákó kan sí ibi tí páàdì wà, kí ó nípọn tó tí písítìn kò fi ní já bọ́, kí ẹnìkan sì máa tẹ bíréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ọkọ̀. Ẹ ó gbọ́ ohùn kan, bí ìgbà tí ìdérí ìgò bá ṣí. Písítìn ti dá ara rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé àwo abọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́ tán, nítorí ọ́ìlì náà a máa bó ọ̀dà ara ọkọ̀.

Àwọn mìíràn a máa lo afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ fọkanáísà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Písítìn tí afẹ́fẹ́ tì jáde ń fò bí ọta ìbọn. Bí ìka ènìyàn bá wà láàrin rẹ̀ àti irin, ìka náà lọ. Ẹni tí ó bá gbọdọ̀ lò ó, kí ó fi pákó sí i, kí ó fi aṣọ bò ó, kí ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Fún èyí tí ó bá le jù, tí ẹsẹ̀ kò rí i tì, ọ̀nà kan wà tí ó sàn ju afẹ́fẹ́: ẹ fi ìbọn gíríìsì sí ẹnu ihò tí họ́ọ̀sì ń gbà wọlé, kí ẹ sì máa fún un. Kò sí písítìn tí mo tíì rí tí ó kọ èyí. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ni pé ẹ gbọ́dọ̀ fọ gíríìsì náà kúrò láìku ẹyọ kan. Ti kálípà ẹ̀hìn tí ìjánu ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Lílọ́ ni a ń lọ́ písítìn wọn padà sínú lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó bá fi tipátipá tì í yóò fọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Nísisìyí ẹ wo písítìn yìí, kí ẹ sì gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ti ẹsẹ̀ òsì mi nìyí. Ẹ fi èékánná fà á ní ìhà ẹnu rẹ̀. Ẹ ó rí i pé èékánná ń kọ́ sí ihò wẹ́wẹ́ níbi tí ìdógùn-ún ti jẹ ojú dídán náà. Irú èyí kò ṣeé fi sáńpépà tún ṣe. Títún ni kí a ra písítìn. Ṣùgbọ́n odó kálípà náà fúnra rẹ̀, bí ìdógùn-ún rẹ̀ kò bá jinlẹ̀, ó ṣeé fi sáńpépà tí ó kúnná jùlọ nù, nítorípé kì í ṣe ara odó ni róbà ń há mọ́. Ara písítìn ni. Ẹ fi ṣóńṣó igi yọ òrùka róbà àtijọ́, kì í ṣe irin, kí ẹ má baà ha ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì fọ ojú ọ̀nà náà títí kò fi ní sí ẹyọ ìdọ̀tí kan. Òrùka kì í há nítorí ara rẹ̀. Ìdógùn-ún tí ó wà lẹ́hìn rẹ̀ ni ó ń tì í mọ́ písítìn lọ́rùn.

Kínni a ó fi fọ̀ ọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a pe ara wa ní olùtọ́jú èdè. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe ọ́ìlì. Orúkọ ni ó tàn wá. Ohun tí a fi ṣe é kò bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tan rárá, àwọn róbà inú kálípà ni a sì ṣe láti bá òun nìkan gbé. Bí bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá kàn wọ́n, wọn a wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi, písítìn á sì há padà, pẹ̀lú agbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀ mo ti fi ojú mi rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún ìgò bíréèkì ọkọ̀ èrò. Nígbàtí mo kígbe, ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, ọ́ìlì kò ha jẹ́ ọ́ìlì bí?” Èmi kò rí èsì fún un. Ohun tí a kọ́ ọ ní ó ń sọ. Mo rò ó pé bóyá kí a pè é ní omi bíréèkì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bu omi kànga sí i nígbà náà, omi kànga pẹ̀lú kò sì dára. Ìyàwó mi ni ó dábàá oje ìjánu. Mo fi í sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá wù yín kí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí ẹ fún wa ní èyí tí ó sàn jù ú.

Sípíríìtì, tàbí ọ́ìlì bíréèkì titun, ni a fi ń fọ inú kálípà, kò sí ohun mìíràn. Ọ́ìlì náà pẹ̀lú ní àléébù kan: ó fẹ́ràn omi. Láti inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń mu ún, bí a tilẹ̀ dé e. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 ti Celsius nígbàtí ó bá wà ní titun. Ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá tó nǹkan bí 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140 ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ. Ti DOT 4 jẹ́ 230, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ sí 155. Omi kan náà ni ó ń mú odó dógùn-ún láti inú wá. Nítorínáà, ọdún méjì ni kí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀, ìgò tí a bá sì ti ṣí tí ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tí ó kọjá, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Títò ó padà kò le fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Òrùka titun, róbà aṣọ́-eruku titun. Ẹ fi ọ́ìlì bíréèkì titun pa òrùka àti písítìn lára, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò méjèèjì ti písítìn wọlé ní ọ̀kánkán. Bí ó bá wọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Òòlù kò ní iṣẹ́ níhìn-ín. Ẹ fi gíríìsì tí kò ń ba róbà jẹ́ pa píìnì méjèèjì. Bí ẹ bá pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ ti èkejì rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́hìn náà ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde: ẹnìkan á tẹ bíréèkì, á sì dì í mú, ẹnìkejì á tú ẹnu kékeré náà, á sì tún dè é kí ti àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀. Báyìí ni a ó máa ṣe títí èyí tí ń jáde kò fi ní hó fòó mọ́, kí a sì máa ṣọ́ ìgò òkè kí ó má baà gbẹ. Ẹ tẹ bíréèkì títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ tó yí ẹsẹ̀ kan kúrò lójú kan. Èmi mọ ẹni tí ó gbàgbé èyí, tí ó sì wọ inú ògiri ilé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ gbogbo èyí gbà mí ní òwúrọ̀ kan, owó òrùka róbà àti písítìn titun kò sì súnmọ́ owó kálípà odidi. N kò sọ èyí láti kẹ́gàn àwọn mẹkáníìkì wa. Àwọn ọmọ Ògún wọ̀nyí ni ó ń mú ọkọ̀ tí òyìnbó ti jù nù rìn láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Mákún-Omi, pẹ̀lú ohun èlò tí kò kún àpò kan. Ọ̀gá ni ó kọ́ wọn, ọ̀gá náà kò sì mọ ju ohun tí ọ̀gá tirẹ̀ mọ̀. Ìwé tí ó wà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, nínú àpótí ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Àti àwa tí a ní ọkọ̀, àwa ni a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣá ti jẹ́ kí a dé ilé. Èmi ni mo sanwó fún bóòtù náà.

Àbá mi kò pọ̀. Kí Ẹgbẹ́ yìí tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè wa, tí ó sọ bí a ṣe ń mọ kálípà tí ó há, bí a ṣe ń tú u, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ dà sínú rẹ̀, kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù láti ibí títí dé Àbígi. Kí àwọn Olóyè wa bá àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti awakọ̀ sọ̀rọ̀ pé kí dídí ẹsẹ̀ dópin lára ọkọ̀ èrò ní àdúgbò wa, ní pàtàkì èyí tí ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wà láti ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró lójú ọ̀nà kò lè rí bóòtù tí a ki bọ ẹnu họ́ọ̀sì lẹ́hìn táyà. Ẹni tí ó kì í bọ̀ ọ́ ni ó mọ̀, àti ẹni tí ó sanwó fún un.

Kálípà náà nìyí, mo ti to òrùka titun sí i. Pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ìgò ọ́ìlì bíréèkì kan tí a kò tíì ṣí wá. Bí Alága bá gbà wá láàyè, kí ẹni tí ó bá wù dìde wá síwájú, kí ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, kí ó sì fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ ti písítìn náà wọlé.